Etí Aṣọ Kanchipuram, Ẹ̀yìn Aṣọ Banaras

Bí ẹ bá tẹ́ sáárì ṣẹ́dà Kanchipuram síwájú ẹni tó mọ aṣọ, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbá mú. Yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí etí náà ti pàdé àárín aṣọ, yóò fà á síhìn-ín, yóò fà á sọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ sáárì Banaras ni ẹ tẹ́ fún ẹni kan náà, kò ní yà sọ́dọ̀ etí rárá. Ńṣe ni yóò dojú aṣọ náà délẹ̀, tí yóò máa wo ẹ̀yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan bóyá òwú kan ń ṣáko kiri níbẹ̀. Ṣẹ́dà ni aṣọ méjèèjì, wúrà wà lára méjèèjì, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ni ọjọ́ tí méjèèjì ń dán jù. Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀rí ọ̀kan wà kọ́ ni ẹ̀rí èkejì wà. Ó pẹ́ tí ìyàtọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ tẹ̀lé e láti orí aṣọ wọ inú ìlú, kí n tún tẹ̀lé e padà sídìí òfì.

Ìlú méje ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí mímọ́ jù lọ ní Íńdíà, Kanchi àti Kashi sì wà nínú wọn. Kashi ni orúkọ tí àwọn olùjọsìn ń pe Banaras, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh lápá àríwá, tí ìjọba sọ orúkọ rẹ̀ di Varanasi ní 1956. Kanchi ni Kanchipuram, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, nǹkan bíi kìlómítà 75 sí Chennai. Nínú àwọn méjèèje, òun nìkan ló wà ní ìhà gúúsù. Orúkọ méjèèjì fẹ́ẹ̀ jọra lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá dé ọ̀kan lẹ́yìn èkejì kò ní rò pé ìbátan ni wọ́n.

Omi ló ni Banaras. Ojú àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 80 ló ti inú ìlú sọ̀ kalẹ̀ sétí odò Ganges. Àràárọ̀ ni àwọn èèyàn ń wẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n kọjú sí oòrùn tó ń yọ, iná tí wọ́n fi ń sun òkú ní Manikarnika kì í sì í kú tọ̀sán-tòru. Òkúta ló ni Kanchipuram. Odò tirẹ̀, Vegavathi, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ganges, ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì Kailasanathar, tí ọba Narasimhavarman Kejì ti ìdílé Pallava kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ, ṣì dúró digbí. Gogoro ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Ekambareswarar, tí Krishnadevaraya ọba Vijayanagara kọ́ ní 1509, ga ju mítà 50 lọ. Èèyàn á ti rí i lókèèrè kó tó rí ìlú.

Ẹ má tíì pín in síbẹ̀ o. Ní tẹ́ńpìlì Varadharaja Perumal ní Kanchipuram, ère òrìṣà Vishnu kan wà tí wọ́n fi igi ọ̀pọ̀tọ́ gbẹ́. Ìsàlẹ̀ adágún tẹ́ńpìlì ni ère náà ń sùn. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín 40 ọdún ni wọ́n ń gbé e jáde: wọ́n gbé e jáde ní 1979, ó tún di 2019, ọjọ́ 48 ni àwọn èèyàn fi rọ́ wá wò ó, lẹ́yìn náà ó padà sínú omi. Ìlú olódò jẹ́ kí omi máa gbé eérú òkú rẹ̀ lọ; ìlú olókùúta fi òrìṣà rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ omi yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn bí mo ṣe rò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń retí. Banaras ni gbogbo ayé ń pè ní ìlú àtayébáyé, ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì rẹ̀ tó lókìkí jù, Kashi Vishwanath, èyí tó dúró lónìí, 1780 ni Ahilyabai Holkar, ọbabìnrin Indore, kọ́ ọ. Wọ́n ti wó èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ní 1669, nígbà ọba Aurangzeb. Kanchipuram kì í fi ọjọ́ orí figagbága pẹ̀lú Kashi, òun ló sì ní òkúta tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ara ògiri ni Kanchipuram kó àgbà tirẹ̀ sí. Ẹnu àti ìṣe àwọn èèyàn ni Banaras kó tirẹ̀ sí.

Mo mẹ́nu kan èyí nítorí ohun tí mo rí lára aṣọ. Sáárì Kanchipuram jọ ìlú rẹ̀. Ní etí rẹ̀, ẹ ó rí eyín wúrà ṣóńṣó-ṣóńṣó tí wọ́n tò bí orí gogoro tẹ́ńpìlì. Ẹ ó rí yali, ẹranko tó dà bí kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ sára òpó tẹ́ńpìlì, ẹ ó rí ọ̀kín, ẹyẹ annam, èso rudraksha tí àwọn olùfọkànsìn fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àti ìrudi òdòdó jasmine. Lọ́pọ̀ ìgbà, àárín aṣọ náà kì í ní ju àwọ̀ kan tàbí ilà onígun mẹ́rin lọ. Etí àti apá ìpẹ̀kun tó ń já wálẹ̀ lẹ́yìn èjìká, èyí tí àwọn Tamil ń pè ní mundhanai, ló gba gbogbo ọ̀ṣọ́. Àwọ̀ etí sì máa ń takò ti àárín ni: ewéko pẹ̀lú pupa, aláwọ̀ ata ilẹ̀ pẹ̀lú elésè àlùkò. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè fara pamọ́.

Sáárì Banaras kò jọ tẹ́ńpìlì kankan. Ọgbà ló jọ. Ìtàkùn ń fà lọ, òdòdó ń tanná, kalga tó rí bí èso máńgòrò ń tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì tún to ewé kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní jhallar, sí ẹ̀bá etí. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní shikargah: ọdẹ, àgbọ̀nrín àti ẹkùn ló wà lára rẹ̀. Láàfin àwọn ọba Mughal ni púpọ̀ nínú ọnà wọ̀nyí ti wá, òórùn Páṣíà sì wà lára wọn. Banaras máa ń bo gbogbo ara aṣọ, kò fi ti etí nìkan ṣe.

Ẹnì kan lè wá sọ pé aṣọ ìsìn ni ti Kanchipuram, aṣọ fàájì ni ti Banaras. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọnà Kanchipuram, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ thandavalam, ojú irin ọkọ̀ rélùwéè sì ni ìtumọ̀ rẹ̀: ahunṣọ kan rí irin méjì tó ń bára wọn lọ nínú oòrùn, ó sì rí i pé ó yẹ ara obìnrin. Ní ti Banaras, aṣọ olówùú wúrà rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ère lọ́ṣọ̀ọ́ nínú tẹ́ńpìlì, àwọn ahunṣọ ibẹ̀ sì ti ń hun irú kan fún àwọn ilé ìsìn Búdà ní Tibet fún ìgbà pípẹ́. Mùsùlùmí ló ń hun aṣọ náà, ẹlẹ́sìn Búdà ló ń lò ó, láti inú ìlú mímọ́ àwọn Híńdù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí: ìdí òfì.

Ní Kanchipuram, ọgbọ́n tó gbé aṣọ ga ni wọ́n ń pè ní korvai. Ahunṣọ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òfì. Ọkọ̀ òfì mẹ́ta ló ń lọ tó ń bọ̀: ọ̀kan fún àárín, méjì fún etí ọ̀tún àti etí òsì. Òwú àárín kì í wọ inú etí. Bó bá dé ẹnu ààlà, yóò kọ́ òwú etí lọ́rùn, yóò sì padà síbi tó ti wá. Òwú etí náà yóò kọ́ ọ, yóò padà sílé tirẹ̀. Nítorí èyí, etí lè pupa fòò kí àárín sì jẹ́ ewéko, láìsí pé ọ̀kan ta sára èkejì. Ẹni kan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Olùrànlọ́wọ́ kan, tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tàbí ìyàwó ahunṣọ, máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan láti máa ju ọkọ̀ etí òdìkejì. Bí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò bá ṣe déédéé, ojú ìdè yóò wọ́. Bó bá wá kan mundhanai tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á mú òwú tuntun tí wọ́n ta gùn, wọ́n á lọ́ wọn mọ́ ti àtijọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òwú. Petni ni wọ́n ń pe èyí. Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé aṣọ lè gbó kó ya, etí rẹ̀ kò ní já kúrò.

Ní Banaras, iṣẹ́ tó gbé aṣọ ga ni kadhua. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ní òwú tirẹ̀, tí wọ́n ká sára igi kékeré. Ahunṣọ á fi ọwọ́ mú un kọjá ní ìwọ̀n òdòdó yẹn nìkan, á sì dá a padà. Bí òdòdó ogún bá wà ní ìbú aṣọ, ogún igi kékeré ni yóò gbé, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kí ó tó lè fi ọkọ̀ ju òwú ara aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù wà: kí òwú wúrà máa sá láti etí dé etí, kí ó yọ sójú níbi òdòdó, kí ó fara pamọ́ sẹ́yìn níbòmíràn, kí wọ́n sì fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó ń já gbalagbala lẹ́yìn. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀ bí ẹni tó tà á bá pè é ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kadhua mọ́ tónítóní láìjẹ́ pé sísọ́ọ̀sì dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ aṣọ fi ń yí i sódì. Kí ẹ̀rọ Jacquard tó dé, ẹni tó ń ya ọnà, tí wọ́n ń pè ní naksheband, máa ń fi òwú so ọnà náà sókè òfì, ọmọ iṣẹ́ kan á gun òkè lọ máa fa òwú bí ó ti yẹ. Kanchipuram ní irú rẹ̀, adai ni wọ́n ń pè é. Nínú ìlú méjèèjì, ẹni kan kì í dá òfì jókòó.

Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tó wà lábẹ́ méjèèjì. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ìsopọ̀ ni ti Kanchipuram, ọgbọ́n ìgbìn ni ti Banaras, pé ọ̀kan ń de nǹkan méjì pọ̀, èkejì ń fọ́n òdòdó sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ tún wo ọ̀nà tí òwú ń gbà. Ní korvai, òwú etí kò gbọdọ̀ wọ àárín. Ní kadhua, òwú òdòdó kò gbọdọ̀ jáde nínú òdòdó. Òfin kan náà ni: òwú dé ẹnu ààlà rẹ̀, ó yí padà. Ohun tí etí ọ̀kan ń fi hàn ni ẹ̀yìn èkejì ń fi hàn. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ìdè àti ẹni tó ń dojú aṣọ délẹ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi òwú, pé ṣé o dúró sí àyè rẹ?

Bí wọ́n bá ní kí n sọ èyí tó ṣòro jù, n kò ní lè mú ọ̀kan. Korvai ń béèrè ìṣọ̀kan ọwọ́ méjì. Kadhua ń béèrè sùúrù ọwọ́ kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn ahunṣọ wa tó ń hun ọjá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀ di ìró, yóò mọ̀ pé ojú ìdè kì í ṣe ohun kékeré. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ wa ń ṣe é lẹ́yìn òfì, tiwọn ń ṣẹlẹ̀ lórí òfì.

Ní ti òwú fúnra rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Karnataka ni púpọ̀ nínú ṣẹ́dà Kanchipuram ti ń wá, ibẹ̀ náà ni Banaras ti ń rà, ó sì tún ń ra ti Ṣáínà. Òwú wúrà tí wọ́n ń pè ní zari, Surat ní ìpínlẹ̀ Gujarat ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá fún méjèèjì: wọ́n á fi fàdákà pẹlẹbẹ wé òwú ṣẹ́dà, wọ́n á sì fi wúrà bò ó. Ìlú méjì tó ń fi aṣọ yangàn, kò sí èyí tí gbogbo òwú rẹ̀ jẹ́ ti ilé nínú wọn. Kanchipuram ń lọ́ òwú rẹ̀ pọ̀ kó lè nípọn, ìdí nìyẹn tí sáárì rẹ̀ fi ń wúwo tó sì ń dúró gán-án. Ti Banaras máa ń rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wúrà ló ń sọ ọ́ di wúwo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó jókòó. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni púpọ̀ jù nínú àwọn ahunṣọ Kanchipuram. Wọ́n ní àtọmọdọ́mọ Markanda làwọn, ọlọ́gbọ́n tó ń fi fọ́nrán òṣíbàtà hun aṣọ fún àwọn òrìṣà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni Tamil: Devanga àti Saliyar wà nínú wọn, àwọn tí èdè ìran wọn jẹ́ Telugu tàbí Kannada, tí wọ́n ṣí wá ní ayé àwọn ọba Vijayanagara. Ní Banaras, Mùsùlùmí ni púpọ̀ jù, Ansari ni wọ́n ń jẹ́, ní àdúgbò bíi Madanpura àti Alaipura. Bí ìyàwó Híńdù bá wọ sáárì pupa rẹ̀ jókòó síwájú iná ìgbéyàwó, ọwọ́ tó kírun láàárọ̀ ló sábà máa ń hun ún.

Ohun kan sì wà tí n kò rò pé mo máa rí. Ìlú méjèèjì kún fún àlùfáà, ilé ahunṣọ ìlú méjèèjì sì bí ẹni tó kojú wọn. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Kabir, tí ìdílé Mùsùlùmí ahunṣọ tọ́ dàgbà ní Banaras, ń fi ewì bá àlùfáà Híńdù àti ààfáà wí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ewì rẹ̀ wà nínú ìwé mímọ́ àwọn Sikh títí dòní. Ní 1909, wọ́n bí C. N. Annadurai sínú ìdílé ahunṣọ ní Kanchipuram. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ dìde lòdì sí agbára àwọn Brahmin, ìran àlùfáà, ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní 1967, ìgbà tirẹ̀ ni Madras sì di Tamil Nadu. Ọ̀kan lo ewì, èkejì lo ìbò. Ìdí òfì ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ní ayẹyẹ, ọ̀nà méjèèjì tún pàdé. Ìyàwó Tamil máa ń pààrọ̀ wọ sáárì ìgbéyàwó tí wọ́n ń pè ní koorai pudavai kí wọ́n tó so thali, okùn ìgbéyàwó, mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyàwó ní Bengal ń wọ Banaras pupa. Wọ́n sọ àwọ̀ búlúù kan ní orúkọ M. S. Subbulakshmi, olórin tí kì í fi sáárì Kanchipuram ṣeré, tó sì kọrin ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1966. Ní Banaras, Bismillah Khan, Mùsùlùmí tó ń fun shehnai, fèrè ìgbéyàwó, máa ń fi tẹ́ńpìlì Balaji létí odò kọ́ ara rẹ̀. Oyè Bharat Ratna, tó ga jù ní Íńdíà, kan àwọn méjèèjì: obìnrin náà gba tirẹ̀ ní 1998, ọkùnrin náà ní 2001.

Owó ni ìyàtọ̀ ti le. Ní Kanchipuram, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ahunṣọ lágbára. Ẹgbẹ́ ló ń pín ṣẹ́dà àti zari, ó ń gba aṣọ, ó ń san owó iṣẹ́; ilé ìtajà àpapọ̀ wọn, Co-optex, ti wà láti 1935. Ní Banaras, oníṣòwò tó jókòó sórí àga tìmùtìmù ló ní òwú, òun náà ló ń dá iye lé aṣọ. Ó rọrùn láti sọ pé ẹgbẹ́ dára, oníṣòwò burú. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ ń dáàbò bo ahunṣọ nígbà tí ọjà bá kú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Banaras ló wá ọjà títí dé Tibet. Fíìmù Kanchivaram tí Priyadarshan ṣe ní 2008 sì sọ nípa ahunṣọ kan tó ṣèlérí sáárì ṣẹ́dà fún ọmọbìnrin rẹ̀, tó wá ń jí òwú ọ̀gá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ Abdul Bismillah lédè Hindi, Jhini Jhini Bini Chadariya, sọ ti ìyà àwọn ahunṣọ Banaras. Ahunṣọ tó ń hun ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, ìlú méjèèjì ló ní i, ó sì ń dùn mí dọ́kàn.

Ẹ̀rọ oníná tún dé. Òfin 1985 ní Íńdíà sọ pé àwọn aṣọ kan wà tí ọwọ́ nìkan gbọ́dọ̀ máa hun. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi òǹtẹ̀ dáàbò bo orúkọ ìlú: Kanchipuram gba tirẹ̀ láàárín 2005 sí 2006, Banaras ní 2009. Ayédèrú kò dẹ́kun. Ibi tí ó gbà wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ayédèrú Banaras dára lójú, ẹ̀yìn ló ti ń tú. Ayédèrú Kanchipuram ní etí, ojú ìdè ni kò ní: òwú kan ṣoṣo ló sá láti òpin dé òpin.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí aṣọ méjèèjì kò lè sá fún. Láti rí fọ́nrán ṣẹ́dà tí kò já, wọ́n ń se kòkòrò tó ń ṣe ṣẹ́dà mọ́ inú ilé rẹ̀. Chandrashekarendra Saraswati, olórí ẹ̀sìn tó jókòó ní Kanchipuram fúnra rẹ̀, rọ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n yé wọ ṣẹ́dà nítorí ẹ̀mí yẹn. Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí Banaras náà: Sarnath, níbi tí Búdà ti ṣe ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bíi kìlómítà 10 péré ni sí Banaras. Ní Andhra Pradesh, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kusuma Rajaiah wá ọ̀nà tí labalábá fi lè fò jáde kí wọ́n tó fa òwú. Aṣọ rẹ̀ kò dán tó, ó sì wọ́n jù. Àwọn ìyá tó ń fún ọmọ wọn ní sáárì ìgbéyàwó kò tíì dáhùn ìbéèrè yìí tán, n kò sì lè bá wọn dáhùn rẹ̀.

Bí sáárì bá wá gbó tán, tí ṣẹ́dà rẹ̀ ń fọ́ níbi ìṣẹ́po, àwọn kan wà ní ìhà gúúsù àti ní àríwá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ra irú rẹ̀. Wọn kì í fa etí wò, wọn kì í wo ẹ̀yìn. Wọ́n á sun ún. Ṣẹ́dà á jóná di eérú, ojú ìdè á bá a lọ, òdòdó á bá a lọ, fàdákà inú zari á sì yọ́ kù sílẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á san owó rẹ̀.